Ẹ Bi Màmá Akọ̀wé: Ta Ló Rí I, Ta Ló Kàn Rò Ó?

Àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí jọ ara wọn bí ẹni pé àwọn tó kọ wọ́n ti forí korí. Ọ̀kan ń béèrè nípa iṣẹ́ kíláàsì, ọ̀kan nípa ọ̀gá ibi iṣẹ́, òmíràn nípa ìjà orí WhatsApp, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn forí lé: èwo ni òtítọ́, èwo ni òkodoro ọ̀rọ̀, èwo ni èrò ẹni? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé kóòtù ni mo ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ bá a tún un ṣe. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ á ti mọ ibi tí "mo rí i" ti ń yọ́ di "mo rò ó". Etí yẹn náà ni mo fi ka lẹ́tà yín.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí. Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé òkodoro ọ̀rọ̀ ni ohun tí kì í yí padà, pé èrò ló ń yí padà. Mo fi gíga òkè Everest ṣe àpẹẹrẹ: mítà 8,848. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní òun rí i lórí fóònù pé 8,848.86 ni. Èkejì rẹ̀ ní, "Tíṣà, ẹ ò rí i, òkodoro yín ti yí padà." Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Kí ni kí n sọ fún wọn? — Olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ pèsì jẹ

Olùkọ́, ẹ fún ọmọ yẹn ní máàkì. Àlàyé tí ẹ ṣe fún wọn ló mẹ́hẹ, òun kọ́.

Ẹ wo ìtàn òkè náà. Lọ́dún 1856, àwọn awọnlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Índíà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 29,002, ìyẹn nǹkan bíi mítà 8,840. Ọ̀nà jíjìn réré ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo igun àti ìṣirò ni wọ́n lò, kò sẹ́ni tó tíì gùn ún. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn awọnlẹ̀ Índíà tún un wọ̀n, wọ́n bá 8,848. Ìyẹn ló wà nínú ìwé tí ẹ fi ń kọ́ wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Nepal àti Ṣáínà jọ kéde 8,848.86. Ní gbogbo àkókò yẹn, òkè náà wà níbi tó wà. Lóòótọ́, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń ti ara wọn, ó sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè tó mítà mẹ́jọ láàárín àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tó yí padà ni ohun tí àwa mọ̀ nípa rẹ̀.

Nítorí náà, bí òkè náà ṣe ga gan-an ni òtítọ́, bí ẹnikẹ́ni bá wọ̀n ọ́n tàbí tí wọn kò wọ̀n ọ́n. Òkodoro ọ̀rọ̀ ni ohun tí a ti yẹ̀ wò nípa rẹ̀, tí ẹlòmíràn náà sì lè tún yẹ̀ wò. Nítorí èyí ni òkodoro fi máa ń ní ọjọ́ lórí, tó ń ní ẹni tó wọ̀n ọ́n, tó sì ń ní ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tí àyẹ̀wò tó dára jù bá dé, a ó tún un kọ, ojú kò sì gbọdọ̀ tì wá. Èrò ni kí ẹnì kan sọ pé Everest lẹ́wà ju gbogbo òkè ayé lọ. Kò sí ẹ̀rọ tí awọnlẹ̀ lè gbé wá síbẹ̀.

Ẹ tún fi èyí dá wọn lára yá. Ẹ bi wọ́n pé òkè wo ló ga jù láyé. Gbogbo wọn á pariwo Everest. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé òkè kan wà ní Hawaii tó ń jẹ́ Mauna Kea, pé mítà 4,207 péré ló yọ lókè òkun, ṣùgbọ́n tí a bá wọ̀n ọ́n láti ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ó ju mítà 10,000 lọ. Èwo ló wá ga jù? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn títí aago á fi lù. Ohun tí wọn yóò rí níbẹ̀ ni pé kò tíì sí òkodoro kankan nílẹ̀ títí a ó fi fẹnu kò lórí ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn àgbàlagbà pàápàá, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan ń purọ́.

Ẹ káàárọ̀, Màmá. Nínú ìwé àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ mi, ọ̀gá mi kọ ọ́ pé: "Kì í bọ̀wọ̀ fún àkókò, kò ní ìtara, kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀lé." Mo lọ bá a, ó ní òkodoro ọ̀rọ̀ ni òun kọ. Òótọ́ ni pé mo pẹ́ dé ìpàdé, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kù dùn mí. Ṣé mo lè kọ̀wé padà pé èrò rẹ̀ lásán ni? — Òṣìṣẹ́ tí inú rẹ̀ bàjẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má tíì kọ nǹkan kan. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn, orí ìlà kan náà ni wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é ní kóòtù. Ẹlẹ́rìí á dìde, á ní, "Inú ń bí ọkùnrin náà." Kíá ni agbẹjọ́rò kejì á ti fò dìde. Adájọ́ á yíjú sí ẹlẹ́rìí, á ní, "Kí lo rí?" Ẹlẹ́rìí á ronú díẹ̀, á ní, "Ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ó ju ìwé sórí tábìlì. Mo kí i, kò dá mi lóhùn." Ohun mẹ́ta yẹn ni èmi ń kọ sílẹ̀. Bóyá inú ń bí i tàbí inú kò bí i, adájọ́ ni yóò pinnu ìyẹn lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn. Ó lè jẹ́ pé atẹ́gùn ló gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ ìkíni náà rárá. Nínú òfin tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹlẹ́rìí lásán ń sọ ohun tó rí, tó gbọ́, tó fọwọ́ kàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń gbà láyè láti sọ èrò rẹ̀.

Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ o, torí àwọn nǹkan kan wà tí ojú kì í lè yà kúrò lára èrò: bí ẹnì kan ṣe dàgbà tó, bóyá ó ti mutí yó, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Ṣùgbọ́n òfin ìrìnnà ọkọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1984, ní bó bá ṣe èrò ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀rí tó wà pé ọkọ̀ sáré kọjá ìwọ̀n, wọn kò lè tìtorí rẹ̀ dá awakọ̀ lẹ́bi. Mo fẹ́ràn òfin yẹn púpọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ojú ọmọ ènìyàn kì í wò lásán. Bó ṣe ń wò ló ń rò.

Ó yá, tìẹ wá kàn. "Kì í bọ̀wọ̀ fún àkókò": òkodoro kan wà nísàlẹ̀ èyí, pé o pẹ́ dé ìpàdé. Ìyẹn ṣeé yẹ̀ wò, ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ ti gbé e kúrò ní ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti sọ ọ́ di ìwà rẹ. "Kò ní ìtara": ọkàn rẹ ló wọ̀ lọ yẹn, kò sì sọ ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé. Kí ló rí? Ṣé o kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ni, àbí o kọ iṣẹ́ kan tí wọ́n fún ọ? Àwọn ènìyàn wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ wọn sì ń pé. "Kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé": èrò ni èyí pátápátá, ṣùgbọ́n fara balẹ̀ níbí yìí, torí ibẹ̀ ni wàá ti fẹ́ ṣe àṣejù. Èrò kì í ṣe èébú. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta ló gbé iṣẹ́ fún ọ tí o kò parí rẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti rò bẹ́ẹ̀, èrò rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Bí kò bá sí nǹkan kan nídìí rẹ̀, àìfẹ́ràn ni.

Nítorí náà, "èrò yín lásán ni" kọ́ ni kí o kọ. Kọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbà pé mo pẹ́ dé ìpàdé ọjọ́ báyìí. Ẹ bá mi kọ àwọn ọjọ́ mìíràn tí mo pẹ́ dé, àti àwọn iṣẹ́ tí ẹ fún mi tí n kò parí, kí n lè mọ ibi tí n óò ti tún ara mi ṣe." Fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́. Tó bá kọ wọ́n, o ti rí ohun tí o lè gbà tàbí kí o jà á. Tí kò bá rí nǹkan kan kọ, òun fúnra rẹ̀ á ti mọ ohun tó kọ sínú ìwé rẹ.

Màmá Akọ̀wé, ẹ bá wa dá sí i. Lórí WhatsApp ẹbí wa, mo kọ ọ́ pé, "Lérò tèmi o, akápò wa ti kó owó ẹbí jẹ." Akápò ní òun yóò pè mí lẹ́jọ́. Mo ní èrò mi ni mo sọ, kò sì sí òfin tó ní kí ènìyàn má ṣe ní èrò. Àbúrò mi ní kí n bi yín kí n tó tún sọ̀rọ̀. — Ẹni tó ní èrò tirẹ̀

Àbúrò yín gbọ́n. "Lérò tèmi" kì í ṣe agbòjò tí ènìyàn ń ṣí sórí ọ̀rọ̀ kí ó má baà tutù.

N kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ lọ rí ọ̀kan tó bá di ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹjọ́ kan tí kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá lọ́dún 1990. Olùkọ́ eré ìjàkadì kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ló pe ìwé ìròyìn lẹ́jọ́, torí oníwèé ìròyìn náà kọ ọ́ ní ọ̀nà tó fi hàn pé olùkọ́ náà parọ́ lẹ́yìn tó ti búra. Wọ́n ní èrò akọ̀ròyìn ni. Kóòtù ní rárá o: ẹni tó bá ní "lérò tèmi, lágbájá òpùrọ́ ni" ń jẹ́ kí a gbà pé òun mọ nǹkan kan tó fi òpùrọ́ hàn, bí nǹkan náà kò bá sì sí, ọ̀rọ̀ náà ba lágbájá jẹ́ bí ẹni pé kò fi "lérò tèmi" sí i rárá. Bóyá ọkùnrin náà parọ́ tàbí kò parọ́, ìyẹn ṣeé yẹ̀ wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2013 dáàbò bo ẹni tó sọ èrò òótọ́ inú rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a mọ ìdí tí òun fi rò bẹ́ẹ̀, ìdí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí olóòótọ́ ènìyàn lè gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ kà.

"Akápò ti kó owó jẹ." Owó wọlé, owó jáde, ìwé báńkì wà. Ọ̀rọ̀ tí ìwé báńkì lè bì ṣubú kì í ṣe èrò, ohunkóhun tí ẹ ì báà kọ síwájú rẹ̀.

Kí lẹ rí gan-an? Mo fura pé ohun tí ẹ rí ni pé wọn kò tíì fún yín ní ìṣirò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ìyẹn: "A béèrè ìṣirò owó ní ìpàdé tó kọjá, a kò tíì rí i gbà. Ọ̀rọ̀ náà ń kọ mí lóminú." Gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí lè jẹ́rìí sí i. Èkejì, ìmọ̀lára tiyín ni, kò sì sẹ́ni tó lè bá yín jà lórí ìyẹn. Lójú àwọn kan náà tó ka ẹ̀sùn yẹn ni kí ẹ sì ti bẹ akápò.

Ṣé ènìyàn lè máa sọ kìkì òkodoro ọ̀rọ̀ kó sì tún máa tan ni jẹ? Ọ̀rẹ́ mi ní kò ṣeé ṣe. — Aṣèwádìí

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Wọ́n bi ẹnì kan tó ń wáṣẹ́ léèrè ìdí tó fi kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mo kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ọ̀gá mi fọwọ́ sí lẹ́tà náà. A gbá ara wa mọ́ra ká tó túká." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀gá fọwọ́ sí. Ìdí nìyí tí ìbúra kóòtù kò fi dúró sórí "n ó sọ òtítọ́" nìkan. Ó ní gbogbo òtítọ́, ó sì ní kò gbọdọ̀ sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ àfi òtítọ́. Gbogbo òtítọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí ti ń kọsẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílé.

Màmá, ẹ̀yìn ń ro mí láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn mi ní ilé ìwòsàn, wọn kò rí nǹkan kan. Ọkọ mi wá ń sọ pé èrò ọkàn mi ni. Mo ní òtítọ́ tèmi nìyẹn. Ta ló jàre? — Ìyá ọmọ mẹ́ta

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lórí ìrora, ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ̀yin nìkan ni ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa ìrora tún àlàyé wọn kọ lọ́dún 2020, wọ́n sì fi í kún un pé bí ènìyàn bá ní ara ń ro òun, kí a bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ríro ni àwòrán kì í fi okùnfà rẹ̀ hàn. Pé àwòrán kò rí nǹkan kan, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò rí ohun tó ń wá. Ẹ ka èyí sí ọkọ yín létí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi kún un pé "kíndìnrín ló ń yọ mí lẹ́nu," a ti kúrò lára ìrora, a ti dé orí okùnfà, ibẹ̀ sì ni kí ẹ jẹ́ kí dókítà ti sọ̀rọ̀. Àti pé, kí ẹ má bínú, n kò fẹ́ràn "òtítọ́ tèmi" yẹn. Ẹ ní "ohun tí mo ń rí lára mi nìyí." Ó lágbára jù, kò sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí yóò ní òun náà ní òtítọ́ tòun pé ẹ̀yìn kò ro yín.

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ohun tí gbogbo ọ̀mọ̀wé bá fẹnu kò lé lórí ti di òkodoro. Ọ̀rẹ́ mi ní èrò ni, pé ó kàn jẹ́ èrò tó léèyàn lẹ́yìn ni. A ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. — Bàbá àgbà kan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò ní dùn mọ́ ọ̀kankan nínú yín.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn torí pé orí ìwé àkọsílẹ̀ ló dá lé. Ignaz Semmelweis, dókítà ọmọ ilẹ̀ Hungary, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Vienna. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀. Ní ti àkọ́kọ́, dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbẹ̀bí. Ní ìkejì, àwọn obìnrin agbẹ̀bí. Ìwé àkọsílẹ̀ fi hàn pé ibà ń pa abiyamọ ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà ju ti èkejì lọ púpọ̀púpọ̀. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ burúkú ni. Semmelweis wò ó pé afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ sí wọ́ọ̀dù méjèèjì. Àwọn kan ní ènìyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́ọ̀dù kejì gan-an ló há jù. Nígbà tó yá, ọ̀bẹ gé dókítà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń la òkú fún àyẹ̀wò, àìsàn tó jọ ti àwọn abiyamọ náà ló sì pa á. Ibi òkú sì ni àwọn dókítà ti ń bọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ̀bí. Àwọn obìnrin agbẹ̀bí kì í débẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1847, ó ní kí gbogbo wọn máa fi omi tí wọ́n po èròjà chlorine mọ́ fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, abiyamọ bíi 18 nínú 100 ló kú ní wọ́ọ̀dù náà. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, kò tó 2.

Ẹ wá wò ó. Iye àwọn tó kú, òkodoro ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá lójú lè ṣí ìwé kó kà á. Pé ọwọ́ dókítà kò lè gbé ikú wọ wọ́ọ̀dù, èrò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ló dì í mú. Àlàyé Semmelweis fúnra rẹ̀ pé ohun tó ń jẹrà lára òkú ló ń fa ibà náà, èrò lòun náà, ó sún mọ́ ọ̀nà ṣùgbọ́n kò tíì pé. Òtítọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí, tó ti ń pa ènìyàn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i, tí kò sì bìkítà bóyá wọ́n gba òun gbọ́. Semmelweis kú lọ́dún 1865, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì gbà fún un.

Nítorí náà, sà, ìfẹnukò nìkan kọ́ ló ń sọ nǹkan di òkodoro. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ìfẹnukò ti òní lórí ọwọ́ fífọ̀ yàtọ̀ sí ìfẹnukò ti àwọn tó kọ̀ fún Semmelweis, torí pé àìmọye ènìyàn ló ti tún un yẹ̀ wò lọ́nà oríṣiríṣi láti ìgbà náà, tí ìwé wọn sì ṣí sílẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé gbà, ẹ má ka orí wọn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n kà àti ẹni tó tún un kà lẹ́yìn wọn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi ní kó kọ "òkodoro" tàbí "èrò" síwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan níbẹ̀ ni "Ó burú láti pa ènìyàn." Ọmọ mi kọ "èrò", wọ́n sì fún un ní máàkì. Ara mi kò gbà á, Màmá. — Òbí kan

Ara tèmi náà kò gbà á. Tí àpótí bá jẹ́ méjì péré, ọmọ náà kò ṣe nǹkan búburú, torí kò sí òṣùwọ̀n tí a lè fi wọ̀n ìwà burúkú bí a ṣe ń wọ̀n òkè. Ẹni tó ṣe àpótí méjì ni kí ẹ bá wí. Ìdájọ́ lórí ìwà ní ìdí tí a lè gbé kalẹ̀, tí a lè jiyàn lé lórí, tí a sì lè fi mú ènìyàn. Kò jọ kí ẹnì kan ní òun fẹ́ràn àwọ̀ búlúù. Ní gbogbo àkókò tí mo fi jókòó sí kóòtù, n kò gbọ́ ọ rí kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn dìde kó ní, "Olúwa mi, èrò tiyín nìyẹn."

Àyè kò gba lẹ́tà tó kù. Ẹni tó bi mí nípa ìwé ìhágún, tiyín ni n óò kọ́kọ́ mú lóṣù tó ń bọ̀.